SÁFÙ INÚ MỌ́ṢÁLÁṢÍ ÀTI SÁFÙ OJÚ TÍTÌ

  

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, ọmọ ìyá wa lọ́kùnrin àti lóbìnrin, ohun kan wà tí à ń ṣe ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ tí ó yẹ kí a ronú sí. Kí Lèmọ́mù tó wọ ìrun, yóò yíjú sí wa, yóò ní kí a to sáfù wa kí ó gún. Ọ̀gá ilé-iṣẹ́, mẹkáníìkì, akẹ́kọ̀ọ́ àti ọlọ́jà, gbogbo wa ni a ó wo ẹsẹ̀ wa. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá yọ síwájú yóò fà á sẹ́yìn, kò sì ní bínú sí ẹni tí ó sọ fún un. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a sálámà tán. Kò ní tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí àwa kan náà yóò fi wọ ọkọ̀ wa níta, tí a ó máa fọn fèrè mọ́ra wa, tí ọkọ̀ mẹ́rin yóò máa du ojú ọ̀nà tí ó yẹ ọkọ̀ méjì. Sáfù ti tú. Ṣé Ọlọ́hun tí à ń to sáfù fún nínú mọ́ṣáláṣí kò rí wa lójú títì ni?

Ẹ jẹ́ kí a fi òpópónà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé púpọ̀ nínú wa ni ó ń gbà á. Ọdún 1978 ni wọ́n ṣí i, gígùn rẹ̀ sì tó nǹkan bí kìlómítà 127. Nígbà tí wọ́n tún un ṣe, wọ́n fẹ apá Èkó sí Ṣàgámù di ìlà mẹ́ta ní àlọ àti mẹ́ta ní àbọ̀. Láti ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972 ni Nàìjíríà ti kúrò ní wíwa ọkọ̀ ní apá òsì bọ́ sí apá ọ̀tún. Láti ìgbà náà, òfin rẹ̀ kò ṣòro: ọwọ́ ọ̀tún ni ti ẹni tí ń rọra lọ, ọwọ́ òsì ni ti ẹni tí ó fẹ́ ya ẹlòmíràn sílẹ̀. Bí ó bá sì ti yà á sílẹ̀ tán, kí ó padà sí ọ̀tún. Ẹ̀gbẹ́ títì kì í ṣe ọ̀nà. Ibẹ̀ wà fún ọkọ̀ tí ó bàjẹ́ àti fún ìgbà pàjáwìrì.

Kí wá ni à ń rí? Tírélà a gba ọwọ́ òsì, a máa rìn bí ìgbín, kò sì ní kúrò níbẹ̀. Ọlọ́kọ̀ kékeré tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ a fi ìbínú gba ọwọ́ ọ̀tún yà á sílẹ̀. Dáńfó a ti òsì gé wọ ọ̀tún láìtan iná, nítorí èrò kan ṣoṣo tí ó nawọ́. Bí ọ̀nà bá dí díẹ̀, àwọn kan a bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ títì, àwọn mìíràn a sì sọdá lọ kọjú sí ọkọ̀ tí ń bọ̀. Wọ́n rò pé àwọn gbọ́n. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tí ó yà bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ni yóò tún fẹ́ wọlé padà níwájú, níbi tí ọ̀nà ti há jù. Bí ẹnì kan bá ṣe ń wọlé ni ẹni tí ó dúró sórí ìlà rẹ̀ ń dúró. Ọ̀nà tí ì bá tú ní ìdajì wákàtí a wá di ti ọ̀sán gangan.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé àwọn dírẹ́bà nìkan ni à ń bá wí. Àwa tí à ń kọ̀wé yìí ti ṣe é rí.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, àwa olùkọ́ àti àwọn ọmọ ilé kéú wa wọ bọ́ọ̀sì kan ní Èkó, a ń lọ sí wòlímọ̀ Alùkùránì ní Ìbàdàn. Aago mẹ́wàá ni ètò yóò bẹ̀rẹ̀. Aago mẹ́sàn-án ti kọjá, ọ̀nà dí, a kò tíì dé Ṣàgámù. Àwa ni a sọ fún dírẹ́bà pé kí ó gba ẹ̀gbẹ́ títì. Àgbàlagbà ni bàbá náà. Ó ní, "Ẹ̀yin Ààfáà, ṣé kò sí nǹkan?" A ní kò sí nǹkan, iṣẹ́ Ọlọ́hun ni à ń lọ ṣe. Ó bọ́ sí ẹ̀gbẹ́, ọkọ̀ púpọ̀ sì tẹ̀lé wa. Inú wa dùn, à ń kọ orin kí Ànábì.

Kò pẹ́ tí a fi gbọ́ fèrè ọkọ̀ tí ń gbé aláìsàn lẹ́yìn wa. Dírẹ́bà wa fẹ́ padà sínú ìlà, kò sí ẹni tí ó fún un láyè. Ta ni yóò fún ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ́ ẹ jẹ láyè? Tírélà kan tí ó bàjẹ́ ni ó dí ẹ̀gbẹ́ títì níwájú wa. A kò lè síwájú, a kò lè sẹ́yìn, fèrè náà kò sì dákẹ́. Orin kú mọ́ wa lẹ́nu. Ọmọbìnrin kékeré kan nínú àwọn ọmọ wa bi wá pé, "Ààfáà, ṣé àwa la dí wọn lọ́nà?" A kò rí èsì fún un.

Ó pẹ́ kí ẹnì kan tó ṣàánú fún wa láyè tí ọkọ̀ náà fi kọjá. A kò mọ ẹni tí ó wà nínú rẹ̀. A kò mọ̀ bóyá ó dé ilé ìwòsàn láàyè. Àwa tí à ń kọ́ ọmọ ní ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn sì mọ ohun tí àwọn onímímọ̀ sọ nípa túúbá: bí ẹ̀ṣẹ̀ bá jẹ́ ti àárín ẹrú àti Olúwa rẹ̀, kí ó kábàámọ̀, kí ó jáwọ́, kí ó pinnu pé òun kò ní padà síbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn bá wà nínú rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ dá a padà tàbí kí ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ oní-nǹkan. Bí owó ni a gbà, à bá dá a padà. Ìṣẹ́jú tí a gbà lọ́wọ́ aláìsàn, báwo ni a ṣe fẹ́ dá a padà? Níbo ni a ó ti rí i tọrọ àforíjì? Gbèsè tí a kò mọ olówó rẹ̀ ni a jẹ, ọjọ́ Àlùkìyámọ̀ ni a ó sì mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀yin ọmọ ìyá wa, àwáwí tí a fi bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ títì ni pé iṣẹ́ Ọlọ́hun ni à ń lọ ṣe. Ẹ wo bí ẹ̀sìn ṣe dá wa lóhùn. Nínú hádíìsì tí Abdullahi bin Busr gbà wá, tí Abu Dawud kọ sílẹ̀, ọkùnrin kan dé ní ọjọ́ Jímọ̀ nígbà tí Ànábì ń ṣe kútúbà. Ó ń gba orí ọrùn àwọn ènìyàn kọjá kí ó lè dé iwájú. Ànábì ní kí ó jókòó, nítorí pé ó ti ni àwọn ènìyàn lára. Ìjọ́sìn ni ọkùnrin yìí ń sáré bọ̀ wá ṣe o! Síbẹ̀, Ànábì kò gbà fún un. Bí a kò bá gba ẹni tí ń fẹsẹ̀ rìn láyè láti gba orí ọrùn ènìyàn kọjá sí ibi ìrun, kí ni a ó sọ nípa ẹni tí ń fi irin gbá kiri?

Ẹ tún wo Hájì ìdágbére, ní ọdún kẹwàá Hijira. Nígbà tí wọ́n ń kúrò ní Árafà, Ànábì gbọ́ ariwo lẹ́yìn rẹ̀, àwọn ènìyàn ń na ràkúnmí. Ibn Abbas sọ pé ó fi pàṣán rẹ̀ júwe sí wọn pé kí wọ́n fara balẹ̀, ó sì jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé iṣẹ́ rere kò sí nínú eré sísá. Usama bin Zaid náà sọ fún wa pé wọ́ọ́rọ́ ni Ànábì ń lọ, ṣùgbọ́n bí ó bá rí àyè a sáré díẹ̀ sí i. Inú Bukhari ni méjèèjì wà. Ẹ̀sìn kò ní kí a máa wọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n àyè tí ó ṣí sílẹ̀ ni ó ń gbà, kò gba ti ẹnikẹ́ni.

Àwa kan a máa sọ pé, "Ṣebí a ní kí a dí àlàfo sáfù?" Ti inú ìrun nìyẹn. Lójú títì, àlàfo ni ààbò. Ọkọ̀ tí ń sáré 100 kìlómítà ní wákàtí kan ń lọ tó mítà 28 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ẹni tí ó bá dí àlàfo iwájú ẹlòmíràn, ààbò rẹ̀ ni ó jí. Àwọn bàbá wa ní ojú ọ̀run tó ẹyẹ é fò láìfara kan ra. Títì náà tó wa, bí kálukú bá dúró sí ìlà tirẹ̀.

Òmíràn a sọ pé ihò ni ó lé òun kúrò ní ọ̀tún, tàbí pé bí òun bá ṣe dáadáa, wọn a rẹ́ òun jẹ. Òótọ́ ni pé ihò wà, ó sì yẹ kí ìjọba dí i. Ṣùgbọ́n nígbà tí ihò bá tán, kí ló dé tí a kò padà? Ní ti ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ, ẹ̀san rẹ̀ ń bẹ lọ́dọ̀ Ọlọ́hun. Ó sàn kí á dé ọ̀run ní ẹni tí wọ́n jẹ ní gbèsè ju kí á dé ibẹ̀ ní onígbèsè lọ. Hádíìsì sọ pé mímú ohun ìnira kúrò lójú ọ̀nà jẹ́ ẹ̀ka kan nínú ìgbàgbọ́. Kí ni ti ẹni tí òun fúnra rẹ̀ di ohun ìnira náà?

Ohun tí a pinnu ní ilé kéú wa lẹ́yìn ọjọ́ náà rèé, a sì fi ń rọ gbogbo ẹ̀ka ẹgbẹ́ wa. Èkíní, bí a bá ní ìrìn àjò, a ó gbéra lẹ́yìn ìrun Àsùbáà. Èkejì, Ànábì ní kí ẹni mẹ́ta tí ó bá ń rìn ìrìn àjò fi ẹnì kan ṣe olórí. Olórí yìí ni yóò máa rán dírẹ́bà létí pé kí ó dúró sórí ìlà rẹ̀, kí ó tan iná kí ó tó yà. Ẹ̀kẹta, kí a sọ fún dírẹ́bà ní ojú gbogbo ènìyàn kí ó tó ṣíná ọkọ̀ pé bí a bá pẹ́, àwa ni a pẹ́, kì í ṣe òun. Ọ̀pọ̀ dírẹ́bà kì í ṣe ẹni burúkú, ẹnu àwa èrò ni ó ń lé wọn. Ẹ̀kẹrin, ẹ̀yin tí ẹ ní ọkọ̀ tiyín, tí ẹ lẹ orúkọ ẹ̀sìn mọ́ gíláàsì ẹ̀yìn, ẹ rántí pé ẹni tí ẹ bá gé lọ́nà yóò kà á.

Nínú ìrun ọ̀ranyàn márààrún, ìgbà mẹ́tàdínlógún ni à ń ka Súrà Fátíhà lójúmọ́, tí à ń bẹ Ọlọ́hun pé kí Ó tọ́ wa sí ọ̀nà tí ó tọ́. Kò yẹ kí ẹni tí ń tọrọ ọ̀nà títọ́ nígbà mẹ́tàdínlógún máa wa ọkọ̀ ní wíwọ́ láàárín ìrun kan sí èkejì.

Ọlọ́hun, foríjì wá ní ti ìjọ́ náà. Bí ẹni tí ó wà nínú ọkọ̀ náà bá wà láàyè, fún un ní àlàáfíà. Bí ó bá sì ti kú, kẹ́ ẹ, gẹ̀ ẹ́, kí O bá wa tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀. Má jẹ̀ẹ́ kí á tún dí ẹnikẹ́ni lọ́nà mọ́. Àmín.