Nígbà tí Oníṣègùn Méjì Kò Bá Fohùn Ṣọ̀kan

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ ní oṣù yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí ó rọrùn, ṣùgbọ́n ó ti kan ilé mélòó kan láàárín wa, kò sì sí ẹni tí ó lè fọwọ́ sọ̀yà pé kò ní í kan ilé tòun. Bí ènìyàn bá ní àìsàn tí ó ń fẹ́ abẹ, tí dókítà kan sì wí pé, “Báyìí ni kí a gé e,” tí òmíràn, tí òun náà mọ iṣẹ́ rẹ̀ dájú, sì wí pé, “Kò yẹ kí a gé e bẹ́ẹ̀,” ọ̀rọ̀ ta ni aláìsàn náà yóò gbà? Bí ó bá sì jẹ́ pé ojú ni abẹ náà yóò kàn ńkọ́, ojú tí a fi ń mọ̀ ọ́n láàárín ẹgbẹ́, tí ọmọ rẹ̀ ń wò kí ó tó mọ̀ bí inú ìyá òun dùn tàbí kò dùn?

Àìsàn tí ó mú ọ̀rọ̀ yìí wá sí wa lọ́kàn ni kókó àgbọ̀n tí àwọn oníṣègùn ń pè ní ameloblastoma, èyí tí àwọn ìwé àtijọ́ ń pè ní adamantinoma. Àwọn ilé ìwòsàn ńlá ní Ìbàdàn, Èkó àti Ifẹ̀ mọ̀ ọ́n dáadáa. Láti inú irú ẹran ara tí ń ṣẹ̀dá eyín ni ó ti ń hù, àgbọ̀n ìsàlẹ̀ ni ó sì máa ń wà jùlọ, ní ìhà ẹ̀yìn níbi tí èrìgì wà. Kì í ṣe jẹjẹrẹ, kì í sì í sábà dun ènìyàn ní ìbẹ̀rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni ó ń wú, láti ọdún dé ọdún, nítorí náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń rò pé eyín lásán ni, tí wọ́n ń yọ eyín kan tẹ̀ lé òmíràn, tí wọ́n sì ń fi omi àgbo yọ́nu. Ṣùgbọ́n bí a bá fi í sílẹ̀, yóò máa jẹ egungun lọ, yóò mú kí eyín máa mì, yóò sì ba ìrísí ojú jẹ́. Láti ọdún 2014 ni àwọn olùwádìí ti rí àyípadà kan nínú kókó náà tí àwọn oògùn kan lè bá jà, wọ́n sì ti mú kí ó súnkì lára àwọn aláìsàn díẹ̀. Síbẹ̀ abẹ ni ìtọ́jú tí a mọ̀ fún un títí di ìsinsìnyí.

Irú abẹ tí a ó ṣe ni àwọn dókítà ń jiyàn lé lórí. Ọ̀nà kan ni kí a la ibẹ̀, kí a ha kókó náà kúrò nínú egungun, kí a sì fi àgbọ̀n sílẹ̀ ní ipò rẹ̀. Ojú kì í yí padà púpọ̀ nípa èyí, aláìsàn a sì tètè padà sẹ́nu iṣẹ́. Ṣùgbọ́n kókó náà a máa na ọwọ́ wọ inú egungun tí ó dàbí ẹni pé ó dára, níbi tí ojú oníṣẹ́ abẹ kò lè rí i, nítorí náà ni ó fi máa ń padà wá, nígbà mìíràn lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀nà kejì ni kí a gé apá ibi àgbọ̀n náà kúrò pátápátá, pẹ̀lú nǹkan bí sẹ̀ntímítà 1 sí 2 nínú egungun tí ó dára. Kì í wọ́pọ̀ kí ó padà lẹ́yìn èyí. Ṣùgbọ́n eyín ibẹ̀ yóò lọ; iṣan tí ó gba inú egungun náà lọ sí ètè ìsàlẹ̀ yóò sábà bá a lọ pẹ̀lú, tí apá kan ètè kò fi ní í mọ gbígbóná tàbí títutù mọ́. A ó fi irin di àgbọ̀n mú, a ó sì wá egungun mìíràn fi dí àlàfo náà, láti ìbàdí, tàbí láti ara egungun tínrín tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojúgun, ọ̀nà tí David Hidalgo, oníṣẹ́ abẹ ará Amẹ́ríkà, ròyìn rẹ̀ ní ọdún 1989. Iṣẹ́ ọ̀pọ̀ wákàtí ni, owó rẹ̀ kò sì kéré.

A mọ olùkọ́bìnrin kan, ìyá ọmọ mẹ́ta, tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ọ̀tún ti ń wú fún ọdún mẹ́rin kí ó tó lọ fi í han dókítà. Dókítà àkọ́kọ́ wí pé gígé ni. Èkejì, tí ó jẹ́ àgbà fún ti àkọ́kọ́, wí pé híha tó. Obìnrin yìí tọ̀ wá wá ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó fi ìborùn bo ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà, ó ní, “Bàbá, ẹ bá mi dá sí i. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀?” A jẹ́wọ́ pé ìdáhùn tí a fún un lójú ẹsẹ̀ kò dára. A ní kí ó tẹ̀ lé èyí àgbà, nítorí ewú orí rẹ̀. Ìgbà tí ó ti lọ tán ni a tó bi ara wa léèrè bóyá ìmọ̀ àgbà náà ni a gbẹ́kẹ̀ lé, tàbí pé ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ni ó rọ etí wa lọ́rùn. A kò sùn dáadáa ní òru náà.

Nítorí pé báyìí ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń yàn. Ẹlòmíràn a yan ẹni tí ó kàwé ní òkè òkun. Ẹlòmíràn a yan ẹni tí ó rẹ́rìn-ín sí i. Àwọn kan tilẹ̀ ń ti ọ̀dọ̀ dókítà kan bọ́ sí ọ̀dọ̀ òmíràn títí wọn yóò fi rí ẹnì karùn-ún tí yóò sọ ohun tí ó ti wà lọ́kàn wọn tẹ́lẹ̀. Ẹlẹ́rìí ni irú wọn ń wá, wọn kò wá olùdámọ̀ràn. Àwọn mìíràn ẹ̀wẹ̀ a wí pé, níwọ̀n bí àwọn ọ̀mọ̀wé kò ti fohùn ṣọ̀kan, kò sí ẹni tí ó mọ nǹkan kan nínú wọn, wọn a sì padà sílé lọ jókòó. Wọ́n rò pé àwọn kò tí ì yàn, bẹ́ẹ̀ ni kókó náà kò dúró dè wọ́n. Egungun tí ìbá ṣeé dá sí lọ́dún yìí lè má ṣeé dá sí mọ́ lẹ́yìn ọdún mẹ́ta.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì a lọ sí ilé olùkọ́ náà láti fà ọ̀rọ̀ wa sẹ́yìn. A bi í bóyá ó ti sọ fún èyíkéyìí nínú àwọn méjèèjì pé èkejì sọ ohun tí ó yàtọ̀. Ó ní rárá o, òun kò gbọdọ̀ rí àgbà fín. Ẹ wò ó bí ìwà ọmọlúwàbí ti lè di ìdènà! Ẹni tí ó bá bo ọ̀rọ̀ dókítà kan mọ́ èkejì lójú ti sọ ara rẹ̀ di adájọ́ lórí ẹjọ́ tí kò kọ́, nígbà tí àwọn tí ó kọ́ ọ ìbá bá a tú u. A sì gbà á níyànjú pé ọ̀nà ọ̀wọ̀ wà láti gbé e kalẹ̀: “Ẹ má bínú, Dókítà, ẹnìkan tí ó mọ iṣẹ́ yìí sọ ohun mìíràn fún mi. Mo fẹ́ kí ẹ ràn mí lọ́wọ́ láti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yín ti yà kúrò lára tiwọn.”

Ó mú ìwé àkọsílẹ̀ kan, ó kọ ìbéèrè sínú rẹ̀, ó sì ka ìbéèrè kan náà sí etí àwọn méjèèjì. Irú kókó wo ni èyí, báwo ni ẹ sì ṣe mọ̀? Mélòó irú rẹ̀ ni ẹ̀yin tìkára yín ti ṣe? Nínú ìwọ̀nyí, mélòó ni ó padà? Bí ó bá padà, kí ni yóò ṣẹ́ kù tí a lè ṣe? Kí ni yóò ṣẹlẹ̀ bí mo bá fi í sílẹ̀? Dókítà àgbà náà kò bínú rárá. Nígbà tí ó dé orí ìbéèrè àkọ́kọ́ ni ó béèrè fún ìwé àyẹ̀wò, nítorí pé àwòrán egungun nìkan ni ó ti rí. Nínú àwòrán náà kókó ọ̀hún dàbí àpò omi kan ṣoṣo, èyí tí híha lè tó fún, pàápàá lára àwọn ọ̀dọ́. Ṣùgbọ́n dókítà àkọ́kọ́ ti gé díẹ̀ nínú rẹ̀ fún àyẹ̀wò, ìwé náà sì fi hàn pé kì í ṣe irú bẹ́ẹ̀. Àwọn méjèèjì ti sọ òtítọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe lórí nǹkan kan náà.

Síbẹ̀ ìyàtọ̀ náà kò tán. Èyí àgbà gbà pé gígé ni ó dára jù, ṣùgbọ́n ó ní bí ẹ̀rù ojú bá ń ba obìnrin náà gidigidi, òun ṣì lè ha á, bí yóò bá ṣèlérí láti máa wá fún àyẹ̀wò ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀. Èyí àkọ́kọ́ ní òun kò ní í ṣe bẹ́ẹ̀. Ní àkókò yìí kò sí ìwé àyẹ̀wò tí ó tún lè là wọ́n níjà. Ọ̀kan ka pípadà kókó náà sí ewu tí ó tóbi jù, èkejì ka pípàdánù ìrísí sí i. Èwo ni ó wúwo jù? Ọ̀rọ̀ yìí ti kúrò ní ti abẹ. Ẹni tí yóò gbé ojú náà jí ní òwúrọ̀ ni ó ni ín.

Àwọn ará ilé náà sọ tiwọn. Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ ní a kì í fi irin sí ẹnu obìnrin ilé àwọn, bẹ́ẹ̀ sì ni òun ni ó fẹ́ san púpọ̀ nínú owó náà. A kò kẹ́gàn rẹ̀. Ẹni tí ó sanwó ní ẹ̀tọ́ láti béèrè. Ṣùgbọ́n àwa kò gbà pé owó lè ra ẹ̀tọ́ láti yàn ju ìyẹn lọ, a sì sọ bẹ́ẹ̀ fún un, ó sì gbọ́.

Obìnrin náà yan gígé. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé nítorí pé ó yè ni a fi ń wí pé ó yàn dáadáa. A mọ ọkùnrin kan tí ó ní kókó irú èyí, tí ó sì yan híha, lẹ́yìn tí a ti ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún un. Ó padà ní ọdún kẹsàn-án, a sì gé àgbọ̀n náà nígbẹ̀yìn. Nígbà tí a bi í bóyá ó kábàámọ̀, ó ní ní ọdún mẹ́sàn-án yẹn ni òun fi ẹnu òun kọ́ ọmọ òun méjèèjì ní orin, àti pé òun ti mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ó lè padà. Àwa kò rí àṣìṣe kankan nínú yíyàn rẹ̀.

Olùkọ́ wa ṣì ń kọ́ni. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún rẹ̀ rẹlẹ̀ ju ti òsì lọ díẹ̀, kò sì lè jẹ àgbàdo sísun mọ́. Bí ó bá fẹ́ mu ẹ̀kọ gbígbóná, a fi ìka kàn án wò ná, kí ó má baà jó ètè rẹ̀ láìmọ̀. Ìwé àkọsílẹ̀ náà kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ ní ìsinsìnyí. Ẹnìkan tí ó ń lọ rí dókítà yá a lọ́wọ́ rẹ̀.