Ṣé Ó Tọ́ Kí Á Máa Fi Fóònù Pa Ọmọdé Lẹ́nu Mọ́ Lójú Ọ̀nà?

 

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò lónìí lè kéré lójú ẹlòmíràn. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìrun, kì í ṣe ọ̀rọ̀ sàká, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó tó máa ń mú kí ẹ sáré ṣí ìwé yìí. Ọ̀rọ̀ ọmọ ọdún méjì ni, àti fóònù, àti ọkọ̀ èrò.

Ní àsìkò ìsinmi ilé-kéú kan, àwa àti ìyàwó wa àti ọmọ wa ọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé ní ọdún méjì wọ bọ́ọ̀sì láti Èkó, a ń lọ sí Ìlọrin níbi tí ìyá wa ń gbé. Ìrìn-àjò nǹkan bí 300 kìlómítà ni. A kò tíì dé oríta Ṣàgámù tí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ fi dá wa dúró. Oòrùn mú. Ọmọ náà béèrè omi, ó mu. Ó béèrè bísíkíìtì, ó jẹ. Lẹ́yìn náà ó ní òun fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ kí òun máa rìn. Ibo ni yóò rìn sí? Ó figbe ta. Kò pẹ́ tí àwọn èrò fi bẹ̀rẹ̀ sí í pòṣé. Ọkùnrin kan níwájú yí ọrùn padà, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá nǹkan ṣe sí ọmọ yìí o." Ìyá kan lẹ́yìn wa kò bínú ní tirẹ̀, ìmọ̀ràn ló gbà wá: "Àfáà, ẹ kò ní fóònù ni?"

A ní fóònù. A mú un jáde. Inú ọkọ̀ pa rọ́rọ́ bí ìgbà tí ènìyàn da omi síná. Gbogbo èrò mí kanlẹ̀, ọkùnrin iwájú sì kí wa pé a kú ìtọ́jú ọmọ.

Láti ọjọ́ náà ni ìbéèrè kan kò ti fi wá lọ́rùn sílẹ̀: ta ni a fún ní fóònù yẹn gan-an? Ṣé ọmọ ni, àbí ọkùnrin iwájú?

Ohun tí àwọn onímọ̀ ìlera wí lórí ọ̀rọ̀ yìí kò fara sin. Ní oṣù kẹrin ọdún 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìlànà jáde pé kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan má wo tẹlifíṣọ̀n tàbí fóònù rárá; pé kò yẹ fún ọmọ ọdún kan náà; àti pé kí ti ọmọ ọdún méjì sí mẹ́rin má ju wákàtí 1 lọ lójúmọ́, bó bá sì dín sí i, ó sàn bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe pé májèlé wà nínú ìmọ́lẹ̀ rẹ̀. Ọmọ kékeré a máa kọ́ ọ̀rọ̀ látinú kí á dá a lóhùn: ó nàka sí nǹkan, ẹ pe orúkọ nǹkan náà fún un, ó pè é ní àpètì, ẹ tún un pè, ẹ jọ rẹ́rìn-ín. Fóònù kì í dáni lóhùn. Tirẹ̀ ló ń sọ lọ, yálà ó yé ọmọ tàbí kò yé e, bí àwòrán kan bá sì parí, òmíràn ti wọlé kí ọmọ tó mí. Ìrìn-àjò Èkó sí Ìlọrin, bí ọ̀nà bá tilẹ̀ ṣí, ó ju wákàtí mẹ́rin lọ dáadáa. Ẹ fi ìyẹn ṣe ìṣirò.

Àmọ́ a kò fẹ́ fi ọ̀rọ̀ dókítà parí ẹjọ́ yìí, nítorí dókítà kò sí nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ náà.

Àwọn kan wà láàárín wa tí nǹkan kì í pẹ́ di haraamu lẹ́nu wọn. Bí wọ́n bá gbọ́ ibi tí a bá ọ̀rọ̀ dé yìí, wọn yóò ti máa mi orí. A kò bá wọn lọ síbẹ̀. Ẹ̀sìn wa mọ̀ pé ìrìn-àjò ní ìnira. Ànábì Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) fi yé wa pé ìpín kan lára ìyà ni ìrìn-àjò jẹ́, nítorí pé ó ń dí ènìyàn lọ́wọ́ oúnjẹ rẹ̀, omi rẹ̀ àti oorun rẹ̀. Bó bá jẹ́ ìyà fún àgbà tó mọ ibi tó ń lọ, kí ni yóò jẹ́ fún ọmọ ọdún méjì tí kò mọ ohun tó ń jẹ́ Ìlọrin, tí kò sì mọ ìyàtọ̀ láàárín wákàtí kan àti ọjọ́ kan? Nítorí ìnira yìí ni Ọlọ́hun ṣe yọ̀ǹda fún arìnrìn-àjò kó dín ìrun ràkáà mẹ́rin kù sí méjì, kó sì jẹ ààwẹ̀ Ramadan kó san án padà lọ́jọ́ mìíràn. Rukhsah ni àwọn onímọ̀ òfin ẹ̀sìn ń pè é. Ìyá tó ń dá kó ọmọ méjì rìn, tí ọ̀kan ń bì, tí èkejì ń ké, bó bá na fóònù sí ọ̀kan kí ó lè rójú tọ́jú èkejì, ta ni yóò bá a wí? Kì í ṣe àwa.

Ṣùgbọ́n ẹ wo bí rukhsah ṣe rí. Ó ní ààlà. Arìnrìn-àjò tó dín ìrun kù lójú ọ̀nà, bó bá ti padà dé ilé rẹ̀, mẹ́rin ni yóò kí. Kò sí ẹni tí yóò sọ pé nítorí òun kí ràkáà méjì ní Ògèrè, méjì lòun yóò máa kí nílé òun títí ayé. Ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ fóònù ti bàjẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Fóònù tí a mú jáde kí a tó dé Ṣàgámù kò padà sínú àpò nígbà tí a dé Ìlọrin. Ọmọ náà jí lọ́jọ́ kejì, kò kí ìyá àgbà, fóònù ló béèrè. Kò jẹun àfi bó bá ń wò ó. Kò wẹ̀ àfi bí a bá gbé e sí ibi tí ojú rẹ̀ yóò tó o. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí ohun tí a fi ṣe ìyọ̀ǹda ojú ọ̀nà fi di ọ̀ranyàn nílé, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ní wákàtí bí ìrun wákàtí márùn-ún. Kí Ọlọ́hun foríjì wá.

Bó bá mọ síbẹ̀, ìbá sàn. Nígbà tí a wá fẹ́ gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, a kò ní ìgboyà láti sọ pé, "Rárá, ó tó." Ohun tí a sọ ni pé, "Bátìrì ti tán." Bátìrì kò tán. Ẹ̀yin náà ti gbọ́ irú rẹ̀ rí, bí ẹ kò bá tíì sọ ọ́ fún àbúrò yín: ọlọ́pàá ti gbé e lọ, ajá ti jẹ ẹ́, fóònù ń sùn. Gbogbo wa là ń kà á sí ọgbọ́n àgbà.

Abdullahi ọmọ Aamir ròyìn pé nígbà tí òun wà lọ́mọdé, ìyá òun pe òun lọ́jọ́ kan pé kí òun wá gba nǹkan, Ànábì sì jókòó sílé àwọn lọ́jọ́ náà. Ànábì bi ìyá náà pé kí ló fẹ́ fún ọmọ. Ó ní dàbínù ni. Ànábì sọ fún un pé bí kì í bá ṣe pé ó ní nǹkan tó fẹ́ fún un ni, wọn ìbá kọ irọ́ kan sílẹ̀ fún un. Inú tírà Abu Daud ni hadiisi yìí wà. A ti kọ́ àwọn ọmọ kéú wa ní hadiisi yìí láìmọye ìgbà, a tilẹ̀ ti nà wọ́n nígbà tí wọn kò mọ̀ ọ́n. Àwa náà la wá ń sọ pé bátìrì ti tán.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ìyá wa bẹ ọmọ náà pé kó bù fún òun nínú búrẹ́dì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbé búrẹ́dì pa mọ́ sẹ́yìn, ó wo ìyá àgbà lójú, ó ní, "Ó ti tán." Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Àwa kò lè rẹ́rìn-ín. Ọmọ yẹn kò mọ ohun tó ń jẹ́ bátìrì. Ohun tó mọ̀ ni pé bí ènìyàn kò bá fẹ́ fúnni ní nǹkan, ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ nìyẹn. Ọ̀dọ̀ wa ló ti gbọ́ ọ.

Ẹ lè sọ pé ẹ kò tíì gbéyàwó, ẹ kò tíì relé ọkọ, kí ló kàn yín nínú ọ̀rọ̀ ọmọ ọdún méjì? Ó kàn yín. Ẹ̀yin lẹ wà nínú ọkọ̀. Ẹ rántí pé kì í ṣe ọmọ ló kọ́kọ́ béèrè fóònù lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, àwọn èrò ni. Nínú tírà Bukhari àti ti Muslim, Ànábì sọ pé òun a máa bẹ̀rẹ̀ ìrun pẹ̀lú èrò pé òun yóò fà á gùn, ṣùgbọ́n bí òun bá gbọ́ ẹkún ọmọdé, òun a gé e kúrú, nítorí òun mọ bí ẹkún náà ṣe ń ni ìyá rẹ̀ lára tó. Kò ní kí wọ́n gbé ọmọ náà jáde. Kò bá ìyá rẹ̀ wí pé kí ló mú un wá mọ́sálásí. Òun tó jẹ́ imaamu ló yí tirẹ̀ padà nítorí ọmọ tó ń ké. Ìrun ni wọ́n sì ń kí o, kì í ṣe rédíò awakọ̀ ni wọ́n ń gbọ́.

Bẹ́ẹ̀ náà ni Alukuraani, nínú Suuratu Nisaa'i, aaya 36, nígbà tó ń ka àwọn tí a gbọ́dọ̀ ṣe dáadáa sí, ó dárúkọ ẹni tó wà ní ẹ̀gbẹ́ ẹni, àwọn kan nínú àwọn onítúmọ̀ sì sọ pé ẹni tí a jọ rin ìrìn-àjò wà lára wọn. Ẹ̀tọ́ yìí ní apá méjì lóòótọ́. Òbí tó jẹ́ kí fóònù máa pariwo orin ọmọdé sétí ẹni tó ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ti rẹ́ ẹni náà jẹ. Ṣùgbọ́n ọmọ náà pẹ̀lú, ẹni ẹ̀gbẹ́ yín ni. Ẹ bi ara yín wò, nígbà wo lẹ nawọ́ gba ọmọ ẹlẹ́ni kẹ́yìn nínú ọkọ̀, kẹ́ ẹ sì ní kí ìyá rẹ̀ sinmi díẹ̀? Òṣé nìkan ni ọ̀pọ̀ wa mọ̀ ọ́n pa.

A kò ní purọ́ pé ayé àtijọ́ dára jù. Ọmọ sunkún nínú ọkọ̀ nígbà náà pẹ̀lú. Wọ́n fún un lọ́mú, bó bá sì ti dàgbà ju ọmú lọ, wọ́n fún un ní ìgbájú. Ìyẹn kì í ṣe ohun tí à ń wá. Ohun tó wà níbẹ̀ nígbà náà ni ọ̀nà fúnra rẹ̀. Àdúà ìrìn-àjò tó wà nínú Suuratu Zukhruf, ojú ọ̀nà ni àwa ti há a sórí, láti ẹnu bàbá wa, kí a tó dá alifu mọ̀ yàtọ̀ sí baa. Ojú ọ̀nà náà la ti mọ̀ pé bí a bá ti rí àwọn oníwàrà, a ti sún mọ́ ilé. Nǹkan sú wa, ó sú wa gan-an, a sì rí i pé sísú náà kọjá lọ láìpa wá. Àwa gbà pé ibẹ̀ ni ọmọ ti ń kọ́kọ́ tọ́ sùúrù wò, nígbà tí kò tíì mọ orúkọ rẹ̀. Ọmọ tí a fún ní fóònù láti gáréèjì dé gáréèjì kò rin ìrìn-àjò kankan. Wọ́n gbé e láti ibì kan sí ibòmíràn ni, bí ẹrù.

Nígbà tí Iléyá dé, a tún gba ọ̀nà Ìlọrin. Kí a tó kúrò nílé, àwa àti ìyàwó wa ti fi ohùn ṣọ̀kan lórí nǹkan méjì: a kò ní parọ́ fún un mọ́, bí a bá sì mú fóònù jáde rárá, ibi tí ọkọ̀ bá dúró sí ni yóò ti padà sápò. Ọmọ náà sùn dé Ìbàdàn. Láti Ìwó Róòdù ló ti jí, ó sì ké títí a fi ń kọjá ní Fìdítì. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó wọ híjáàbù, akẹ́kọ̀ọ́ ni lójú wa, nawọ́ gbà á lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ó gbé e sórí ẹsẹ̀ níbi fèrèsé, ó sì ń bá a ka tírélà tó ń bọ̀ níwájú. Ẹẹ́rin ni kíkà ọmọ náà mọ. Bí wọ́n bá ti dé ẹẹ́rin, wọn á tún bẹ̀rẹ̀ láti ení. A ra wàrà lẹ́yìn Ọ̀yọ́, ó da omi rẹ̀ sí wa láṣọ.

Lẹ́yìn Ògbómọ̀ṣọ́, agbára rẹ̀ tán, tiwa náà sì tán. A pa ohùn fóònù, a gbé e fún un, a sọ fún un pé bí a bá dé Ìlọrin, a ó gbà á. A dé Ìlọrin, a gbà á, a ní, "Ó tó, a ti délé." Ó sunkún láti gáréèjì títí dé ẹnu ọ̀nà ìyá wa. Bátìrì fóònù náà ṣì ju ìdajì lọ, a sì fi hàn án.