Ilé Ni À Ń Wò

Ilé ni à ń wò kí á tó sọ ọmọ lórúkọ. Báyìí ni àwọn bàbá wa wí, n kò sì bá wọn jiyàn. Ṣùgbọ́n ọmọ tuntun ni wọ́n ń wí, ọmọ tí kò tí ì ṣe ohunkóhun tí a lè fi mọ̀ ọ́n. Ohun tí ó ń kọ mí lóminú ni bí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń fi irú òwe yìí ṣe òfin fún ẹni tí ó ti ń fi bọ́ọ̀lù ṣe iṣẹ́.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ wo Taiwo Awoniyi, ọmọ Ìlọrin. Ó wà nínú àwọn ọmọdé tí ó gba ife àgbáyé fún Nàìjíríà ní 2013. Ní 2015, nígbà tí ó di ọmọ ọdún 18, Liverpool rà á. Òfin ìgbà náà ni pé bí orílẹ̀-èdè àjèjì bá wà ní ipò 1 sí 10 lágbàáyé, kí ó ti gbá ìdá 30 nínú 100 ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ orílẹ̀-èdè rẹ̀, ìwé àṣẹ iṣẹ́ tọ́ sí i. Bí ó bá wà ní ipò 31 sí 50, ìdá 75 ni. Ọmọ Faransé tí kò gbá bọ́ọ̀lù fún orílẹ̀-èdè rẹ̀ rí ń wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́ nígbà náà.

Ọdún 6 ni ọmọkùnrin yìí fi jẹ́ ti Liverpool láìgbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan fún wọn. Wọ́n ń yá a kiri Jámánì, Nẹ́dálándì àti Bẹ́ljíọ̀mù bí ẹni yá ọkọ́ àti àdá. Ìwé àṣẹ dé ní 2021. Ọdún náà gan-an ni wọ́n tà á fún Union Berlin.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní owó oṣù rẹ̀ ń wọlé, kí ni ẹkún? Òótọ́ ni. N kò sì sọ pé kí onílé má tilẹ̀kùn: ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tí ó ń kọ́ bọ́ọ̀lù náà ń fẹ́ àyè, àwa náà kì í sì í jẹ́ kí ilé-iṣẹ́ gba àjèjì láìgbàṣẹ. Ṣùgbọ́n ìjọba ni ó ti ilẹ̀kùn, ẹgbẹ́ tí ó mọ̀ pé ó tì ni ó rajà. Èéṣe tí ó fi jẹ́ ọmọ ọdún 18 ni yóò dúró síta?

Láti 2021, àmì ni wọ́n ń kà, 15 ni ó sì tó; ọmọ Yúróòpù náà ń ka tirẹ̀. Èyí sàn díẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ipò orílẹ̀-èdè ẹni ṣì wà nínú ìṣirò náà.

Ní 2022 Nottingham Forest mú Awoniyi padà sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Góòlù 10 ni ó gbá wọlé nínú líìgì ní sáà àkọ́kọ́.