Ìtìjú àti Òótọ́ Lórí Oògùn Abẹ́ Aṣọ

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ìbéèrè kan wà tí a rí i pé ó yẹ kí àwa ọ̀dọ́ fi ojú ìmọ̀ wò: ǹjẹ́ ó tọ́ kí ènìyàn tijú láti sọ ohun tí oògùn ṣe sí i lára, nítorí pé ibi tí oògùn náà ti ṣiṣẹ́ jẹ́ ibi tí a ń fi aṣọ bò? Nígbà tí kúlórókwìn ṣì wọ́pọ̀ láàárín wa, kò sí ẹni tí ó ń yún tí kò pariwo. Ará ilé gbọ́, aládùúgbò gbọ́, oníkẹ́míìsì gbọ́. Bí ó bá tún dé ọ̀dọ̀ dókítà, òun fúnra rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ sọ pé, "Ẹ má fún mi ní èyí tí ń yún ni o." Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ oògùn ìtọ̀, tàbí ti ọmọ bíbí, tàbí ti agbára ọkùnrin, ẹnu á wọhò.

Ẹ jẹ́ kí a fi oògùn àwọn bàbá wa ṣe àpẹẹrẹ. Nísàlẹ̀ àpò ìtọ̀ ọkùnrin, ẹ̀yà ara kékeré kan wà tí ó yí ọ̀nà ìtọ̀ ká, tí àwọn dókítà ń pè ní prostate. Bí ọkùnrin bá ti ń dàgbà ni ó sábà máa ń wú, tí yóò sì fún ọ̀nà náà pọ̀. Ìdí nìyí tí àgbàlagbà fi ń jí lẹ́ẹ̀mẹrin lóru láti tọ̀, tí ìtọ̀ náà kò sì ní dà dáadáa. Lára oògùn tí wọ́n ń lò sí i ni tamsulosin, tí ń dẹ ọ̀nà náà, àti finasteride, tí wọ́n ti ń lò fún un láti 1992, tí ń mú kí ẹ̀yà ara náà súnkì díẹ̀díẹ̀. Oògùn gidi ni àwọn méjèèjì. A kò kọ èyí láti dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n tamsulosin lè mú kí òòyì kọ́ ènìyàn nígbà tí ó bá dìde lójijì, ìbáà jẹ́ láti orí ibùsùn tàbí láti ìforíkanlẹ̀ nínú ìrun, ó sì lè mú kí àtọ̀ má jáde mọ́. Ní ti finasteride, àwọn díẹ̀ wà nínú àwọn tí ń lò ó tí ìfẹ́ ìbálòpọ̀ wọn ń dínkù, tàbí tí agbára rẹ̀ ń kúrò lára wọn.

Bàbá tí èyí bá ṣẹlẹ̀ sí, kí ni yóò ṣe? Púpọ̀ nínú wọn á dákẹ́. Wọn yóò pa oògùn náà tì láìsọ fún ẹni tí ó kọ ọ́, tàbí kí wọ́n lọ ra òmíràn kún un ní ìkọ̀kọ̀. Ibi tí ewu wà gan-an nìyí. Sildenafil, tí ayé ti mọ̀ sí Viagra láti 1998, kò gbọdọ̀ pàdé oògùn nitrate tí wọ́n ń fún ẹni tí àyà ń dùn nítorí àrùn ọkàn, nítorí pé ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ lè já wálẹ̀ débi ikú. Dókítà tí wọ́n gbé aláìsàn wá bá lóru kò lè mọ̀ bí kò bá sí ẹni tí ó sọ fún un.

Ẹnìkan lè sọ pé ẹ̀sìn wa yin ìtìjú. Òótọ́ ni, a kò bá a jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹ wo Sàyídínà Alíyù. Omi kan máa ń jáde lára rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, tí kì í ṣe ìtọ̀, tí kì í sì í ṣe àtọ̀. Madhy ni Lárúbáwá ń pè é. Ojú ń tì í láti bi Ànábì, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, nítorí pé ọmọ Ànábì ni ó fẹ́ sílé. Kí ni ó ṣe? Ó rán Miqdad lọ bèèrè, ó sì rí ìdáhùn gbà. Ìtìjú rẹ̀ kò pa ìbéèrè náà; ẹni tí yóò gbé e lọ ni ó pààrọ̀. Ní èrò tiwa, ibẹ̀ ni ààlà wà. Ìtìjú tí ó ní kí ènìyàn yan ẹni tí yóò bá sọ̀rọ̀, kí ó rẹ ohùn sílẹ̀, tàbí kí ó kọ ọ́ sínú ìwé, ìwà rere ni. Èyí tí ó ní kí ó purọ́ fún oníṣègùn tí ó bi í ní ohun tí ó ń lò, orúkọ mìíràn ni ó yẹ ẹ́.

Ẹ̀bi kò sì sí lọ́dọ̀ aláìsàn nìkan. Àwọn tí ń fún ni lóògùn ní ìdákẹ́jẹ́ tiwọn, wọn a sì máa pè é ní àánú: "Bí a bá sọ fún un, ẹ̀rù á bà á, kò ní lò ó." Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sọ nípa hóró ìfètò-sọ́mọ-bíbí ní Amẹ́ríkà. (A kò fẹ́ fa àríyànjiyàn ìfètò-sọ́mọ-bíbí níhìn-ín, ọjọ́ tirẹ̀ ń bọ̀.) Ní 1960 ni ìjọba ibẹ̀ fọwọ́ sí Enovid fún iṣẹ́ yìí, èròjà oestrogen inú hóró kan sì jẹ́ 150 micrograms. Kò pẹ́ tí ìròyìn fi bẹ̀rẹ̀ sí í jáde pé ẹ̀jẹ̀ ń dì nínú iṣan ẹsẹ̀ àwọn kan, ó sì ń lọ há sínú ẹ̀dọ̀fóró wọn. Ní January 1970, Sẹ́nétọ̀ Gaylord Nelson pe ìjókòó sí Washington lórí ọ̀rọ̀ náà. Àwọn onímọ̀ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n wọn kò pe ẹyọ obìnrin kan tí ń lo oògùn náà kí ó wá sọ tẹnu rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́bìnrin tí ó jókòó láàárín àwọn òǹwòran bá dìde, wọ́n ń pariwo ìbéèrè. Lọ́dún kan náà ni ìjọba pàṣẹ pé kí ìwé ìkìlọ̀ máa wà nínú páálí oògùn náà.

Ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò ní ariwo tó bẹ́ẹ̀. Láti 1964 ni àwọn dókítà ibẹ̀ ti ń kọ ìjàǹbá oògùn sínú káàdì yẹ́lò ránṣẹ́ sí ìgbìmọ̀ kan. Nínú irú àkójọ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti rí i pé bí oestrogen bá ṣe pọ̀ tó ni ewu ẹ̀jẹ̀ dídì ṣe ń pọ̀ tó, ní December 1969 wọ́n sì kìlọ̀ pé kí a yàgò fún èyí tí ó ju 50 micrograms lọ. Obìnrin tí ó sọ fún dókítà rẹ̀ pé ẹsẹ̀ ń dun òun ti ṣe àwọn tí kò mọ̀ rí lóore. Orílẹ̀-èdè wa náà wọ ẹgbẹ́ àgbáyé tí ń ṣọ́ oògùn ní 2004, NAFDAC ni ó sì ń gba ìròyìn wọ̀nyí. Ṣùgbọ́n kí ni wọn yóò gbà lọ́wọ́ ẹni tí kò sọ̀rọ̀?

Ó ku èyí tí ó le jù: ṣé dandan ni kí bàbá sọ fún ìyàwó rẹ̀? A gbà pé oníkẹ́míìsì kò ní ẹ̀tọ́ láti bá a sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ìyàwó tí kò mọ̀ yóò máa wá ẹ̀bi kiri, bóyá lára ara rẹ̀, bóyá lára obìnrin mìíràn tí kò sí rárá. Èyí tilẹ̀ kéré. Hóró finasteride tí ó bá ti fọ́ tàbí tí wọ́n lọ̀, aláboyún kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án, nítorí pé ó lè ba ẹ̀yà ìbímọ ọmọkùnrin inú rẹ̀ jẹ́. Bàbá tí ó ní ìyàwó kékeré, tí ó ní kí ó bá òun gé oògùn sí méjì láìsọ ohun tí ó jẹ́, kì í ṣe àṣírí ara rẹ̀ nìkan ni ó ń pa mọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ sì ń mú bàbá yín lọ sí ọsibítù, ẹ mú páálí oògùn wọn dání. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kan wà, PSA, tí dókítà fi ń wò ó bóyá jẹjẹrẹ ń yọjú nínú prostate. Lẹ́yìn nǹkan bí oṣù mẹ́fà, finasteride á mú iye rẹ̀ wálẹ̀ sí bí ìdajì. Dókítà tí kò mọ̀ pé bàbá ń lò ó yóò rí 3, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀. Èyí tí ó mọ̀ yóò ka 3 náà sí 6, yóò sì tún wádìí sí i.