Nígbà Tí Ojú Ọ̀run Bá Yí Padà: Kútúbà Jímọ̀ Lórí Ìkìlọ̀ Ìjì

Bismillāhi Rahmāni Rahīm. Gbogbo ọpẹ́ ti Ọlọ́hun ni, Ọba tí ń da ẹ̀fúùfù láti ibi tí Ó fẹ́ lọ sí ibi tí Ó fẹ́. A ń yìn Ín, a ń wá ìrànlọ́wọ́ Rẹ̀, a sì ń tọrọ àforíjìn Rẹ̀. Kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn sàábé rẹ̀, àti gbogbo ẹni tí ó bá tẹ̀lé wọn pẹ̀lú dáadáa títí di ọjọ́ ìkẹyìn.

Ẹ̀yin ẹrúsìn Ọlọ́hun, a sọ fún ara wa, a sì sọ fún yín, pé kí a páyà Ọlọ́hun.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, bí a ṣe wà nínú ìrun Iṣai, fóònù gbogbo wa dún lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn kan pa tiwọn, àwọn kan fi í sílẹ̀, a sì kí ìrun wa parí. Ìjì náà kò gba ọ̀dọ̀ wa kọjá, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun. Ṣùgbọ́n nígbà tí a jáde, a gbọ́ tí arákùnrin kan ń sọ fún èkejì pé ẹni tó bá ń sá fún atẹ́gùn kò tíì gbà pé Ọlọ́hun ló ni ẹ̀mí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn kò jẹ́ kí a sùn dáadáa. Púpọ̀ nínú wa ti kúrò nínú ìlú Atlanta, a ti lọ ra ilẹ̀ sí àwọn káúńtì ìgbèríko Jọ́jíà níbi tí owó rẹ̀ ti rọjú, ilé àkọ́kọ́ tí a sì gbé ka orí ilẹ̀ náà ni ilé alágbèéká, èyí tí àwọn ará ibí ń pè ní trailer. Àwọn tó wà nínú rẹ̀ ni a ń bá sọ̀rọ̀ jù lónìí.

Ọ̀rọ̀ méjì ni àwọn tí ń ṣọ́ ojú ọjọ́ ní Amẹ́ríkà ń kéde, a sì ti ń pa wọ́n pọ̀ bí ẹni pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Èkínní ni ‘tornado watch’. Iléeṣẹ́ tí ń ṣọ́ ìjì ní ìlú Norman, ní Oklahoma, ni ó ń gbé e jáde. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé afẹ́fẹ́ àti ìkùukùu ti wà ní ipò tí tọ̀nédò fi lè jáde. Ó lè bo ọ̀pọ̀ káúńtì, ó sì máa ń wà fún wákàtí púpọ̀. Èkejì ni ‘tornado warning’. Iléeṣẹ́ ojú ọjọ́ ti agbègbè ni ó ń kéde èyí, nígbà tí ènìyàn bá ti fi ojú rí ìjì náà tàbí tí rédà bá ti fi í hàn. Ilẹ̀ tí ó bò kéré, àkókò tí ó fi sílẹ̀ fún ènìyàn sì kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ: bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ́pọ̀ ìgbà, nígbà mìíràn kò tó. Ìró pàjáwìrì tí ń dún lórí fóònù wa, ti èkejì ni. Ti àkọ́kọ́ kì í dún bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ gbọ́ ọ ni yóò wá a lọ, lórí rédíò tàbí tẹlifíṣọ̀n. Ti sáírìn ńkọ́? Wọ́n ṣe é fún ẹni tí ó wà níta ni, ọ̀pọ̀ abúlé ni kò sì ní rárá.

Ẹ rántí ìjọ Ádì. Nínú Súrátù Al-Ahqāf, Ọlọ́hun sọ fún wa pé wọ́n rí ìkùukùu tí ó dojú kọ àfonífojì wọn, wọ́n sì rò pé òjò ni ó gbé wá fún wọn. Atẹ́gùn ìparun ni. Ìyá wa Áíṣà, kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i, ròyìn pé bí Ojiṣẹ́ Ọlọ́hun bá rí ìkùukùu, ojú rẹ̀ a yí padà, a wọlé, a jáde, a lọ síwá, a lọ sẹ́yìn. Bí òjò bá wá rọ̀, ara rẹ̀ a tó balẹ̀. Nígbà tí ó bi í léèrè, ọ̀rọ̀ ìjọ Ádì ni ó fi dá a lóhùn. Ẹ wò ó dáadáa. Atẹ́gùn kò tíì ṣe ohunkóhun, ara Ànábì kò ti balẹ̀. Ta ni nínú wa ni ó gbára lé Ọlọ́hun tó o? Bí òun bá ń dìde láti wo ojú ọ̀run, kí ni tiwa tí a jókòó ti bọ́ọ̀lù lórí tẹlifíṣọ̀n?

Àwọn kan yóò ní ọmọ Ànábì Núhù sá lọ sórí òkè, òkè kò sì gbà á. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kí ni Ọlọ́hun fi gba Núhù là? Ọkọ̀ ni, pákó àti ìṣó, èyí tí ó kàn nígbà tí ilẹ̀ ṣì gbẹ, tí àwọn ènìyàn rẹ̀ ń kọjá, tí wọ́n sì ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ọlọ́hun kò ní kí ó dúró di ìgbà tí omi bá dé orókún. Ọmọ náà ni ó kọ ìpè títí omi fi dé, tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá ibi tí yóò sá sí. (Hádíìsì ràkúnmí tí a ní kí a so mọ́lẹ̀, gbogbo yín ni ẹ mọ̀ ọ́n sórí, a kò ní tún un sọ.)

Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹta ọdún 2019, tọ̀nédò kan jà ní Beauregard, ní káúńtì Lee, Alabama, kò jìnnà sí ẹnubodè Jọ́jíà. Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni. Ènìyàn 23 ni ó kú, inú ilé alágbèéká sì ni púpọ̀ jù nínú wọn wà. Ilé alágbèéká kò ní ìpìlẹ̀ bí ilé tí a kọ́ mọ́lẹ̀. Tọ̀nédò tí kò le púpọ̀ pàápàá lè yí i dànù, kò sì sí yàrá kan nínú rẹ̀ tí a lè pè ní ibi ààbò, ìbáà ṣe balùwẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó ń gbé inú rẹ̀ kò gbọdọ̀ dúró de ‘warning’. Nígbà ‘watch’ ni kí ó ti kó ọmọ, oògùn, ìwé pàtàkì àti bàtà, kí ó lọ sí ilé tí ó ní ìpìlẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá kò tó láti jí ọmọ mẹ́ta, kí a wọṣọ fún wọn, kí a sì wakọ̀ lójú ọ̀nà ìgbèríko nínú òkùnkùn. Òru sì ni ọ̀pọ̀ ìjì wọ̀nyí máa ń jà ní apá ìhín.

Ẹni tí ó wà nínú ilé onípìlẹ̀, kí ó sọ̀ kalẹ̀ sí yàrá abẹ́ ilẹ̀. Bí kò bá sí, yàrá kékeré tí ó wà láàárín ilé ní ìsàlẹ̀, tí kò ní fèrèsé, kí ó sì bo orí. Akoto tí àwọn ọmọ fi ń gun kẹ̀kẹ́ wúlò níbẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe lọ fara pamọ́ sábẹ́ afárá ojú títì.

Àwọn àgbà wa ní ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Ṣùgbọ́n arọ náà ní láti kọ́kọ́ gbọ́. Ìyá yín ti Ìlọrin tàbí Ìbàdàn wá bá yín tọ́jú ọmọ. Ẹ ti lọ síbi iṣẹ́ alẹ́ ní ilé ìwòsàn, ó ku òun àti ọmọ nínú trailer láàárín pápá. Fóònù dún. Gẹ̀ẹ́sì ni ó wà lójú rẹ̀. Ìyá lè rò pé ààjà ni, irú èyí tí wọ́n ní í gbé ènìyàn lọ sínú igbó lọ kọ́ egbòogi, tí í sì dá a padà. Èyí kì í dá ènìyàn padà. A bẹ̀ yín, bí ‘watch’ bá wà, ẹ gbé ìyá àti ọmọ lọ sí ibi ààbò kí ẹ tó lọ síbi iṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí ìyá mọ ìró yẹn ṣáájú. Ẹ mú un lọ kí aládùúgbò tí ó ní yàrá abẹ́ ilẹ̀, kí wọ́n mọ ara wọn lójú. Bí ẹni náà kì í bá ṣe Mùsùlùmí, ẹ̀tọ́ aládùúgbò ṣì wà láàárín yín. Ẹ ra rédíò ojú ọjọ́ tí ń lo bátìrì sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn, nítorí iná lè lọ, nẹ́tíwọ̀kì sì lè kú.

Ó ku ti mọ́sáláṣí yìí. Gbọ̀ngàn tí òrùlé rẹ̀ fẹ̀ báyìí kì í ṣe ibi ààbò. A ti jókòó pẹ̀lú ìgbìmọ̀, a sì ti fẹnu kò: bí ‘watch’ bá wà, kí ẹni tí ó ń ti ìgbèríko wá kírun sílé. Kì í ṣe ọ̀lẹ. Ní òru òtútù àti atẹ́gùn, Abdullahi ọmọ Umar pe ìrun, ó sì ní kí àwọn ènìyàn kírun sí ibùgbé wọn, nítorí bẹ́ẹ̀ ni Ojiṣẹ́ Ọlọ́hun máa ń pàṣẹ. Bí ‘warning’ bá dún nígbà tí a wà lórí ìrun, a ó já ìrun náà, a ó lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ àárín àti ibi àlùwàlá, àwọn ọmọdé àti àgbàlagbà ṣáájú, a ó sì tún un kí lẹ́yìn náà. Àwọn onímọ̀ gbà pé a lè já ìrun láti gba ẹ̀mí là. Àṣìṣe ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ti àwa tí a wà níwájú ni.

Tábìlì kan wà lẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tí ó bá ní yàrá abẹ́ ilẹ̀, kí ó kọ orúkọ káúńtì rẹ̀ àti iye ènìyàn tí ó lè gbà. Ẹni tí ó bá ń gbé inú ilé alágbèéká, kí ó kọ tirẹ̀ sí ojú ewé kejì. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Akọ̀wé yóò so yín pọ̀ kí ọ̀sẹ̀ tó parí.

Ọlọ́hun, bá wa ṣọ́ àwọn tí yóò sùn sínú pápá lálẹ́ òní. Àmín. Ẹ to sááfù, ẹ dìde fún ìrun.