Ẹ̀dínwó Àgbà, Ẹ̀tọ́ Ta Ni?

Ní ọdún 2002, ẹgbẹ́ gọ́ọ̀fù Augusta National, ní ìpínlẹ̀ Georgia l'Amẹ́ríkà, kọ lẹ́tà sí àwọn àgbà mẹ́ta: Doug Ford, Gay Brewer àti Billy Casper. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti wọ kóòtù aláwọ̀ ewé tí wọ́n fi ń dá ẹni tó bá borí ìdíje Masters lọ́lá, Ford ní 1957, Brewer ní 1967, Casper ní 1970. Àṣà ibẹ̀ ni pé ẹni tó bá ti borí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láǹfààní láti máa padà wá díje títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Lẹ́tà náà ń rọ̀ wọ́n pé kí wọ́n má wá gbá bọ́ọ̀lù mọ́.

Kò pẹ́ tí ẹgbẹ́ náà fi kéde pé láti 2004, ẹni tó bá ti kọjá ọdún 65 kò ní díje mọ́. Àwọn ìlúmọ̀ọ́ká agbágọ́ọ̀fù méjì, Arnold Palmer àti Jack Nicklaus, kọ̀wé sí alága ẹgbẹ́, Hootie Johnson, láti tako òfin náà. Ẹni tó bá mọ ìtàn ìdíje náà mọ̀ pé àwọn méjèèjì kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń ti lẹ́tà wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ní 2003, kí òfin náà tó fẹsẹ̀ múlẹ̀, Johnson fagi lé e. Palmer padà wá ní 2004, ó gbá Masters rẹ̀ ìkàádọ́ta léraléra láìfo ọdún kan. Ẹni ọdún 74 ni nígbà náà.

Ká sòótọ́, Augusta ní ẹjọ́ tirẹ̀ rò. Ní 2005, Casper, ẹni ọdún 73, padà wọ pápá náà. Nígbà tó dé ihò kẹrìndínlógún, níbi tí ẹni tó mọ̀ ọ́n gbá ti ń lo ìgbá 3, ìgbá 14 ló gbà á. 106 ni gbogbo rẹ̀ já sí, kò sì fi káàdì rẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn olùṣètò ìdíje. Àyè nínú ìdíje kì í pọ̀, ọ̀dọ́ tí agbára rẹ̀ ṣì pé náà sì ń wá ibi tí yóò ti fi ara hàn.

Síbẹ̀, ìbéèrè tó wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí ju eré lọ. Kí ni iye ọdún tí ènìyàn ti lò láyé sọ ọ́ di ẹlẹ́tọ̀ọ́ rẹ̀? Kí ló sì lè gbà kúrò lọ́wọ́ rẹ̀?

Ẹni tó ń fi ọjọ́ orí ṣe gbèdéke ń sọ pé òun ti mọ agbára ẹlòmíràn kí ẹni náà tó nawọ́ mú ọ̀pá. Agbágọ́ọ̀fù Sam Snead já irú ìrònú bẹ́ẹ̀ nírọ́ ní 1979. Ní ìdíje Quad Cities Open, ẹni ọdún 67 ni, ó gbá 67 ní ọjọ́ kejì, ó sì gbá 66 ní ọjọ́ ìkẹyìn, láàárín àwọn tó lè bí lọ́mọ. Tom Watson tún un ṣe lọ́nà tirẹ̀ ní Turnberry, nílẹ̀ Scotland, ní oṣù Keje 2009. Ó ku díẹ̀ kó pé ọdún 60, wọ́n sì ti pààrọ̀ egungun ìbàdí rẹ̀ kan ní ọdún tó ṣáájú. Ìgbá kan ṣoṣo ni ò jẹ́ kó gba ife-ẹ̀yẹ ìdíje Open lórí ihò ìkẹyìn, kí Stewart Cink tó borí rẹ̀ nínú àfikún eré. Òfin ìdíje náà ti sọ nígbà náà pé ọdún 60 ni ilẹ̀kùn yóò ti mọ́ ẹni tó ti gba ife náà rí. Lẹ́yìn ohun tí Watson ṣe, àwọn R&A tó ń ṣètò ìdíje náà fi ẹsẹ kan kún un: àgbà tó bá gba ife rí, tó sì tún wọ ipò mẹ́wàá àkọ́kọ́, yóò ní ọdún márùn-ún sí i. Iye ọdún yẹra, ohun tí ọwọ́ lè ṣe gba ipò rẹ̀.

Ènìyàn ló sì ń yan iye ọdún wọ̀nyí. Nígbà tí wọ́n dá ìdíje U.S. Senior Open sílẹ̀ ní 1980, ọdún 55 ni wọ́n fi ṣe ẹnu ọ̀nà. Ní 1981 wọ́n sọ ọ́ di 50. Palmer, ẹni ọdún 51, wọlé, ó sì borí lọ́dún yẹn gan-an.

Ọ̀rọ̀ owó ẹgbẹ́ ló tún le ju èyí lọ. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ gọ́ọ̀fù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ní òfin àtijọ́ kan pé bí ọmọ ẹgbẹ́ bá ti dàgbà dé ìwọ̀n kan, owó ọdọọdún rẹ̀ yóò wálẹ̀. Nígbà tí wọ́n kọ òfin bẹ́ẹ̀, àwọn tí yóò jàǹfààní rẹ̀ kò pọ̀. Ẹ̀mí ti wá gùn sí i. Àwọn ẹgbẹ́ wà báyìí tó jẹ́ pé àwọn arúgbó ló kún inú wọn, bẹ́ẹ̀ koríko pápá ò sì mọ ẹni tó ti fẹ̀yìn tì. A ó gé e, a ó bomi rin ín, a ó san owó oṣù àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀. Ohun tí wọ́n bá dín fún àgbà, ẹlòmíràn ni yóò san án. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ sì tún ń dín owó fún àwọn tí ò tíì pé ọdún 30, kí wọ́n má bàa sá lọ. Gbogbo ẹrù wá já lé èjìká ẹni ogójì ọdún tó ń san owó ilé, tó ń tọ́ ọmọ. Àwọn Yorùbá ti fi òwe kìlọ̀ fún àgbà tí kì í ro ti ẹni ẹ̀yìn tipẹ́: àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé.

Òfin ilẹ̀ náà fàyè sílẹ̀. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá 2012 ni ó ti di èèwọ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé kí ẹgbẹ́ fi ọjọ́ orí yan ọmọ ẹgbẹ́ jẹ láìnídìí. Ṣùgbọ́n ìjọba yọ ẹ̀dínwó sílẹ̀: ẹgbẹ́ lè dín owó nítorí ọjọ́ orí, ó sì lè dín in nítorí iye ọdún tí ènìyàn ti lò nínú ẹgbẹ́. Òfin ò sọ èwo ló tọ́ nínú méjèèjì, ọ̀rọ̀ ẹ̀rí ọkàn ló fi èyí ṣe.

Ẹjọ́ kan tó ti pẹ́ jẹ́ ká rí bí iye ọdún ṣe lè tanni jẹ. Ní 1985, tọkọtaya kan, ẹni ọdún 61 ni àwọn méjèèjì, lọ lúwẹ̀ẹ́ ní ibi ìlúwẹ̀ẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Eastleigh, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìyàwó wọlé lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n ní kí ọkọ san pẹ́ńsì 75. Ìdí ni pé ẹni tó bá tó gba owó ìfẹ̀yìntì ni wọn kì í gbowó lọ́wọ́ rẹ̀, obìnrin sì ń gbà á ní 60 nígbà náà, tí ọkùnrin ń gbà á ní 65. Ọkọ gbé ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ àwọn adájọ́ Ilé Lọ́ọ̀dù, wọ́n sì dá a láre ní 1990, adájọ́ mẹ́ta sí méjì. Kò sí ẹni tó gbèrò ibi ní Eastleigh. Wọ́n fẹ́ ṣàánú ẹni tówó rẹ̀ ti dín kù, ìwọ̀n tí wọ́n mú ni ò tọ́.

Ìwé Lefitíkù nínú Bíbélì ti gbé irú ìṣirò yìí kalẹ̀ láyé àtijọ́. Nínú orí 27, ẹni tó bá fi ara rẹ̀ jẹ́jẹ̀ẹ́ fún Ọlọ́run yóò san owó dípò. Ọkùnrin láti ẹni 20 ọdún sí 60 yóò san ṣékélì 50. Bó bá ti ju 60 lọ, 15 péré. Obìnrin lọ láti 30 sí 10. Ẹ̀dínwó àgbà nìyẹn gan-an. Ṣùgbọ́n ẹsẹ kẹjọ ni ó yẹ kí gbogbo akápò ẹgbẹ́ kà: bí ẹni náà bá tálákà ju ìwọ̀n yìí lọ, kí wọ́n mú un lọ síwájú àlùfáà, kí àlùfáà díye lé e gẹ́gẹ́ bí agbára rẹ̀. Òfin náà fúnra rẹ̀ mọ̀ pé iye ọdún nìkan ò tó.

Ìsìláàmù gba ọ̀nà mìíràn. Àgbàlagbà tí ààwẹ̀ Rámádáànì bá ti ju agbára rẹ̀ lọ kò ní gbà á, yóò máa bọ́ tálákà kan dípò ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Wọn ò dá ọdún kan fún un. Alágbára ẹni ọdún 80 ń gbààwẹ̀ rẹ̀, aláìlera ẹni ọdún 60 sì ní ìyọ̀ǹda.

Ó lè dà bí ẹni pé iye ọdún tí ènìyàn ti lò nínú ẹgbẹ́ ló mọ́ jù lọ láti fi wọn ẹ̀dínwó. Ẹni tó ti sanwó fún ọgbọ̀n ọdún, òun ló bá wọn ra ẹ̀rọ, òun ló bá wọn gbin igi. Ẹ̀tọ́ ni ìmoore fún irú ẹni bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀ ó yẹ ká bèèrè ta ni wọ́n jẹ́ kó wọlé nígbà tí ọdún ọ̀hún ń ka. Augusta kò gba ọmọ ẹgbẹ́ aláwọ̀ dúdú kankan títí di 1990, kò sì gba obìnrin títí di 2012. Ẹgbẹ́ Royal and Ancient ti St Andrews, ọdún 2014 ni wọ́n tó dìbò gba obìnrin. Obìnrin ẹni ọdún 75 tó wọlé lẹ́yìn náà kò lè ní ọgbọ̀n ọdún láti fi hàn. Bí wọ́n bá fi ọdún nínú ẹgbẹ́ nìkan wọn ẹ̀dínwó, ìyà àná ni wọ́n tún fi jẹ ẹ́ lónìí.

Ìtàn agbágọ́ọ̀fù Lee Elder fi èyí hàn kedere. Ní 1971, kó tó wọ Masters rárá, ó borí ìdíje Nigerian Open ní Ìkòyí, l'Ékòó. Ọdún 1975 ni Augusta tó ní aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó díje níbẹ̀, Elder ni. Ní oṣù Kẹrin 2021, nígbà tó di ẹni ọdún 86, wọ́n pè é kó bá Nicklaus àti Gary Player ṣí ìdíje náà. Rọ́bà atẹ́gùn wà ní imú rẹ̀, ara rẹ̀ ò gbà kó gbá bọ́ọ̀lù, ó sì na ọ̀pá rẹ̀ sókè fún àwọn èrò. Ọlá ńlá ni, ó sì tọ́ sí i. Ọdún tí wọ́n fi ti ilẹ̀kùn mọ́ irú rẹ̀ ò sì sí nínú ìwé ẹgbẹ́ kankan tí wọ́n lè fi dín owó fún un.

Bíbélì tún fi ọ̀nà mìíràn hàn: nínú ìwé Nọ́ḿbà, àwọn ọmọ Léfì ń sọ ẹrù iṣẹ́ kalẹ̀ ní ẹni 50 ọdún, ṣùgbọ́n wọn ò lé wọn kúrò nínú àgọ́. Wọ́n ń bá àwọn arákùnrin wọn ṣọ́ ibẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń ṣe ohun tó jọ ọ́. Wọ́n ní owó ẹgbẹ́ ọjọ́ márùn-ún fún ẹni tó lè wá láti ọjọ́ Ajé sí ọjọ́ Ẹtì, èyí tó kéré sí ti ọjọ́ méje, wọ́n sì ní èyí tó kéré sí i fún ẹni tó kàn fẹ́ máa wá jókòó ti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ohun tí ènìyàn ń lò ló ń san níbẹ̀, wọn ò bi í léèrè ọjọ́ orí. Ẹni tó kù ni àgbà tí kò lè san ìyẹn pàápàá, bóyá ó ti pẹ́ nínú ẹgbẹ́ tàbí kò tíì pẹ́. Fún un, ó yẹ kí òfin ẹgbẹ́ ní ìlà kan tó jẹ́ kó kọ̀wé sí akápò níkọ̀kọ̀, kí akápò díye lé e gẹ́gẹ́ bí agbára rẹ̀, kí orúkọ rẹ̀ má sì jáde nínú ìròyìn owó tí wọ́n ń kà ní ìpàdé ọdọọdún.