Ǹjẹ́ Ẹ̀ṣẹ̀ Wà Nínú Ìwòran?

Ní ọdún kan tí mo lò ní Lọ́ńdọ̀nù, ilé Àǹtí mi ni mo wọ̀ sí, ní àdúgbò Hounslow, níbi tí bàálù ti ń kọjá lórí òrùlé bí lékèélékèé ti ń kọjá lórí oko wa nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bí a bá ń sọ̀rọ̀ nídìí oúnjẹ, a ó dákẹ́ díẹ̀ kí ariwo náà kọjá, a ó sì tún gbé ọ̀rọ̀ wa níbi tí a sọ ọ́ kalẹ̀ sí. Àǹtí mi ti lò ju ọgbọ̀n ọdún lọ ní ilé náà, n kò sì rí i kí ó gbójú sókè wò wọ́n lẹ́ẹ̀kan. Ó ní ohun tí ń pariwo lé ènìyàn lórí láti òwúrọ̀ títí di alẹ́, kì í ṣe ohun tí ènìyàn tún ń fi ojú wá kiri.

Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí ń fi ojú wá a kiri. Nítòsí ibùdókọ̀ ojú irin Hatton Cross, òpópónà kékeré kan wà tí a ń pè ní Myrtle Avenue. Pápá koríko kan wà ní ìpẹ̀kun rẹ̀, ibẹ̀ ni àwọn ènìyàn wọ̀nyí ń dúró sí, ìbáà ṣe òjò, ìbáà ṣe oòrùn. Ẹ ó rí arúgbó, ẹ ó rí ọmọ ilé-ìwé, ẹ ó rí bàbá tí ó gbé ọmọ lé èjìká. Kámẹ́rà àwọn mìíràn gùn ní ẹnu bí ìbọn àgbá. Bí bàálù bá ń bọ̀ wá balẹ̀ sí ọ̀nà ti ìhà gúúsù, yóò kọjá nítòsí orí wọn tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ ó fi lè ka táyà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọn ó ya àwòrán rẹ̀, wọn ó ka lẹ́tà tí a kọ sí ara rẹ̀, wọn ó kọ ọ́ sínú ìwé pélébé kan, wọn ó sì tún kọjú sí ìlà-oòrùn láti dúró de èyí tí ó tẹ̀lé e. Ó parí. Ẹnikẹ́ni kò san kọ́bọ̀ fún wọn.

Heathrow kì í jẹ́ kí wọ́n dúró pẹ́. Ọ̀nà méjì péré ni bàálù ń gbà gbéra tàbí balẹ̀ níbẹ̀, síbẹ̀ bí 1,300 ni ó ń lọ tí ó sì ń bọ̀ lóòjọ́. Bí atẹ́gùn bá ti ìwọ̀-oòrùn wá, ọ̀nà kan ni wọ́n ń bà lé títí di aago mẹ́ta ọ̀sán, lẹ́yìn náà wọn ó yí sí èkejì, kí etí àwọn ará àdúgbò lè sinmi díẹ̀. Àwọn awòran mọ èyí bí àgbẹ̀ ti mọ òjò. Iṣẹ́ wọn kì í ṣe tuntun. Ní 1955 ni a ṣí ilé kan tí a ń pè ní Queen's Building sí àárín pápá bàálù náà, àwọn ènìyàn a sì máa gun òrùlé rẹ̀ lọ wòran. A ti wó o. Níbi tí ó wà ni a kọ́ Terminal 2 tuntun sí, èyí tí a ṣí ní 2014.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí wọ́n ń kà lára bàálù. G ni àmì ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, D ti Jámánì, F ti Faransé, N ti Amẹ́ríkà, 5N sì ni tiwa. Ó dàbí ilà ojú láyé àtijọ́: ẹni tí ó mọ̀ ọ́n kà yóò mọ ilé tí olúwarẹ̀ ti wá. Ibi tí ó ti yàtọ̀ ni pé bí a bá ta bàálù fún orílẹ̀-èdè mìíràn, a ó pa ilà àkọ́kọ́ rẹ́, a ó kọ òmíràn. Nọ́ńbà tí àwọn tí ó kàn án fún un nìkan ni kì í yí padà títí a ó fi tú u palẹ̀.

Mo ní ọ̀rẹ́ kan nígbà náà tí ó ń kọ́ ìmọ̀ òfin, ọmọ Ìjẹ̀bú, ẹni tí kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ kékeré kọjá láìjẹ́ pé ó yẹ̀ ẹ́ wò. Mo mú un lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé kan. Ó dúró fún wákàtí kan, ó ní, "Èyí kò dára." Mo rò pé òtútù ni ó mú un. Ó ní rárá. Ó ní nínú ọkọ̀ tí ó kọjá yẹn, ẹnìkan ń lọ sin ìyá rẹ̀, ẹnìkan ń sá fún gbèsè, ẹnìkan ni ìjọba ń dá padà sí ìlú rẹ̀ pẹ̀lú ẹkún, àwọn wọ̀nyí kò sì rí nǹkan kan níbẹ̀ bí kò ṣe ọ̀dà àti lẹ́tà. Ó ní ẹni tí ó bá ń wo ilé tí ènìyàn wà nínú rẹ̀, tí ó sì jẹ́ pé òrùlé nìkan ni ó ń kà, ó ti ṣẹ àwọn onílé. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní kí ó jẹ́ kí a lọ mu tíì.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà padà wá bá mi láìpẹ́. Bàbá òyìnbó kan wà tí ó máa ń jókòó lórí àga tí a ń ká, tí ó ti mọ̀ mí lójú. Ó béèrè ibi tí mo ti wá, mo ní Nàìjíríà ni. Ó mi orí. Ní ọ̀sẹ̀ kejì ó mú ìwé àtijọ́ kan wá, èyí tí ó ti ń kọ láti ìgbà tí ó wà ní ọmọ ọdún méjìlá, tí ó ń gun òrùlé Queen's Building. Ó ṣí i sí ojú ewé kan, ó na ìka sí i. Ìlà mẹ́ta ni. Ti àkọ́kọ́ ni G-ARVA, bàálù VC10 ti BOAC, ilé iṣẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà. Ti èkejì ni 5N-ABD, nítorí pé ní 1969 a ta bàálù náà fún Nigeria Airways, a sì fún un ní ilà ojú tiwa. Ìlà kẹta kò ju ọjọ́ àti orúkọ ìlú lọ: 20 November 1969, Lagos. Ó fi rúlà fa igi sí abẹ́ rẹ̀.

Èmi náà mọ ìtàn náà, bí a ti máa ń mọ ìtàn tí ó ṣẹlẹ̀ kí a tó bí wa. Bàálù náà kúrò ní Lọ́ńdọ̀nù, ó gba Róòmù, ó gba Kánò, nígbà tí ó sì kù díẹ̀ kí ó balẹ̀ ní Ìkejà, ó kọlu igi. Ènìyàn 87 ni ó wà nínú rẹ̀. Kò sí èyí tí ó là.

Inú bí mi. N kò ní purọ́ fún yín. Igi tí ó fa sí abẹ́ ìlà yẹn ni ó bí mi nínú jù, nítorí bẹ́ẹ̀ gan-an ni oníṣòwò ṣe ń fa igi sí abẹ́ owó tí ó ti san tán. Mo ní, "Bàbá, àwọn tí ó wà nínú rẹ̀ ńkọ́?" Ó wo ojú mi, ó sì wo ìwé náà. Bàálù méjì kọjá lórí wa kí ó tó dáhùn. Ó ní, "N kò mọ ọ̀kankan nínú wọn. Bàálù ni mo mọ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni mo kọ."

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, mo gbé ìdáhùn yẹn rìn fún ọjọ́ púpọ̀. Àwọn baba wa ní gbogbo ohun tí ojú bá rí kọ́ ni ẹnu ń sọ, a sì ń fi òwe yìí kọ́ ọmọdé ní ìmọ̀wà. Àwọn ará Myrtle Avenue ti yí òwe náà po: gbogbo ohun tí ojú wọn bá rí ni ọwọ́ wọn ń kọ. Ǹjẹ́ irú ojú bẹ́ẹ̀ kò jẹ gbèsè fún ẹnikẹ́ni?

Àwọn mìíràn ti rò pé gbèsè náà tó èyí tí a lè fi ẹ̀wọ̀n gbà. Ní November 2001, àwọn awòran bàálù mẹ́rìnlá, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì méjìlá àti ọmọ ilẹ̀ Hólàńdì méjì, wà ní Kalamata ní ilẹ̀ Gíríìsì, níbi tí àwọn ọmọ ogun òfuurufú ti ń ṣí ẹnu ọ̀nà wọn fún ìran. A mú wọn bí amí. Wọ́n lo ọ̀sẹ̀ púpọ̀ ní àtìmọ́lé. Ní April 2002 ilé ẹjọ́ dá wọn lẹ́bi, ó ní kí mẹ́jọ lọ ṣe ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta, àfi ní November ọdún náà ni ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn tó dá gbogbo wọn sílẹ̀. Ohun tí kò yé àwọn tí ó mú wọn ni bí ènìyàn yóò ti fi owó ara rẹ̀ wọkọ̀ lọ sí òkèèrè láti lọ kọ nọ́ńbà tí kò fẹ́ fi ṣe ohunkóhun. Kí a má fi wọ́n ṣẹ̀sín. Ẹni tí ó bá na kámẹ́rà sí bàálù lójú ẹ̀ṣọ́ ní ilé wa níhìn-ín, kí ó múra àlàyé sílẹ̀.

Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ mìíràn wà tí ó fún mi ní ìdí láti rọra. Lẹ́yìn September 2001, CIA ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà ń gbé àwọn tí wọ́n fura sí, wọ́n ń fi bàálù kó wọn lọ sí àtìmọ́lé ní ilẹ̀ àjèjì, níbi tí a ti ń fìyà jẹ wọ́n. Bàálù náà dàbí ti oníṣòwò lásán. Ṣùgbọ́n òfin kò jẹ́ kí ó fò láìní ilà ojú. N379P ni ọ̀kan, N313P ni òmíràn. Ní January 2004, awòran kan ya N313P ní Palma, ní erékùṣù Mallorca, gẹ́gẹ́ bí ó ti ń ya gbogbo èyí tí ó bá bà. Ní oṣù yẹn kan náà, bàálù yìí gbé ọkùnrin Jámánì kan, Khaled el-Masri, láti Skopje ní Makedóníà lọ sí Afghanistan, nítorí pé wọ́n ṣì í mú dípò ẹlòmíràn tí orúkọ rẹ̀ jọ tirẹ̀. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé e jù sí ẹ̀bá ọ̀nà ní Albéníà. Nígbà tí àwọn akọ̀ròyìn, àti ìgbìmọ̀ Yúróòpù tí ó gbé ìròyìn jáde ní 2006, ń tọpa bàálù wọ̀nyí, àwòrán àti ìwé àwọn awòran wà lára ohun tí wọ́n rí dì mú. Ní December 2012 ilé ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọ ènìyàn ti Yúróòpù dá el-Masri láre. Amòòkùn-jalè, a ní bí ọba ayé kò rí i, ti òkè ń wò ó. Àwọn wọ̀nyí ni wọ́n wà lókè. Ẹni tí ó wà nílẹ̀ ni ó rí wọn.

Mo sáré gbé èyí lọ bá ọ̀rẹ́ mi bí ẹni tí ó jàre. Ó tẹ́tí, ó sì bi mí pé, "Ṣé a ń dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọ̀n nítorí ẹja tí ó mú?" Ó ní ọkùnrin Palma kò pète rere kankan, rere tí ènìyàn kò sì pète, a kò lè kà á sí ìwà rẹ̀.

N kò rí èsì lọ́jọ́ yẹn. Èyí tí mo rí lẹ́yìn náà kò tó láti dá a lẹ́jọ́, ṣùgbọ́n èmi gbà á gbọ́. Àwọn awòran wọ̀nyí ní èèwọ̀ kan. Bí ìkùukùu bá bo lẹ́tà kan mọ́ ọ lójú, o kò gbọdọ̀ kọ ọ́. Bí ọ̀rẹ́ rẹ bá rí bàálù kan tí ìwọ kò rí, ti ọ̀rẹ́ rẹ ni, kì í ṣe tìrẹ. Mo ti rí bàbá yẹn tí ó fi ojú ìlà kan sílẹ̀ lófìfo, tí inú rẹ̀ bàjẹ́ títí a fi túká, nígbà tí kò sí ẹnikẹ́ni láyé tí yóò yẹ ìwé rẹ̀ wò. Irú òótọ́ yẹn, níbi tí irọ́ kò lè pa ẹnikẹ́ni lára, tí òótọ́ kò sì mú èrè wá, n kò rò pé àwọ̀n ní in. Nítorí òótọ́ yẹn ni ẹni tí ń wá el-Masri fi lè gbára lé àwòrán Palma.

Ibi tí bàbá náà ti kùnà, lójú tèmi, kì í ṣe pé ó wo bàálù. Ó wò ó fún ohun tí ó ju àádọ́ta ọdún lọ, kò sì béèrè ẹni tí ó wà nínú rẹ̀. Mo fẹ́ sọ èyí fún un, mo sì rántí pé èmi tí mo jẹ́ ọmọ Èkó, tí mo ń kọjá ní Ìkejà nígbà gbogbo, n kò mọ ọjọ́ tí ó ṣẹlẹ̀ kí n tó rí i nínú ìwé òyìnbó. Mo pa ẹnu mi mọ́.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan mo sọ ìtàn ìlà mẹ́ta náà fún Àǹtí mi. Ó ń bó iṣu. Ó dúró, ó ní, "Ó kọ ọjọ́ náà sílẹ̀? Ọmọdé yẹn?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ó ní kí n pe ọjọ́ náà fún òun. Ó nu ọwọ́, ó mú bírò, ó kọ ọ́ sí ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì tí ó wà lára ògiri, ó sì padà sídìí iṣu rẹ̀. N kò béèrè ẹni tí ó ní nínú bàálù yẹn. Èmi náà kò béèrè.

Nígbà tí ó tó àkókò tí mo fẹ́ padà wálé, atẹ́gùn ti ìlà-oòrùn wá, nítorí náà ọ̀nà ìhà gúúsù ni bàálù wa gbà gbéra, ó sì kọjá lórí Myrtle Avenue. Mo fi iwájú mi lé gíláàsì, mo ń wá pápá koríko náà. Ó kéré, ó sì yára kọjá; n kò dá ẹnikẹ́ni mọ̀ níbẹ̀.

Lẹ́yìn oṣù kan mo gba lẹ́tà. Àwòrán kan ni ó wà nínú rẹ̀: ikùn bàálù, táyà tí ó ń ká wọlé, lẹ́tà rẹ̀ sì hàn kedere. Ní ẹ̀yìn rẹ̀ ni bàbá òyìnbó náà kọ àmì bàálù sí, àti ọjọ́, àti wákàtí. Lábẹ́ èyí ni Àǹtí mi, ẹni tí kì í gbójú sókè, fi bírò kọ orúkọ mi sí, àti ti bàbá mi.